Ohun tí géèmù ogun ojú sánmà gbà lọ́wọ́ mi, àti bí mo ṣe jáde

Ẹ̀yin olólùfẹ́ ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì ni mo ń bá sọ̀rọ̀, ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ìtàn ọkọ̀ tó ń rìn láàrin ìràwọ̀ títí iná á fi lọ, tí ẹ óò tún tan tọ́ọ̀ṣì fóònù láti fi ka orí tó kù. Mo mọ̀ yín torí mo wà lára yín. Géèmù kan lórí ìkànnì ayélujára, tó ní ogun láàrin ìràwọ̀ lòun, gba nǹkan bí ọdún méjì lọ́wọ́ mi. Ó gba owó, ó gba oorun, díẹ̀ ló sì kù kó gba ìwé kíkà pátápátá. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí irú rẹ̀ pọ̀ lọ jàra. Mo kàn fẹ́ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ibẹ̀ mọ ohun tó wà níwájú, kí ẹni tó ti rì síbẹ̀ sì mọ̀ pé ọ̀nà àbájáde wà.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe ní Ṣómólú, l'Ékòó. Èmi ni mò ń to ọ̀rọ̀ àti àwòrán sórí kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó gbé e lọ sórí ẹ̀rọ: káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé ètò ìsìnkú. Láti kékeré ni mo ti ń ra ìwé àlòkù ní Yábàá, àwọn tí èèpo ẹ̀yìn wọn ti ya, tí àwòrán rọ́kẹ́ẹ̀tì wà níwájú wọn. Nígbà tí òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní 30 oṣù kẹta ọdún 2020 nítorí àrùn Kòrónà, ilé ìtẹ̀wé tì pa, gbogbo wa jókòó sílé. Mo wà nínú ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ sci-fi, ìyẹn ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì, kan lórí Facebook nígbà náà. Ìwé la máa ń jíròrò níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wa ló gbé líǹkì géèmù náà síbẹ̀, ó ní ká wá dá ẹgbẹ́ ogun tiwa sílẹ̀.

Kó tó di ìgbà náà, ojú yẹpẹrẹ la fi ń wo géèmù orí Facebook. Láti ọdún 2007 tí Facebook ti ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn láti gbé ohun tiwọn wá sórí rẹ̀ ni géèmù ti ń rọ́ wọlé. FarmVille tí ilé-iṣẹ́ Zynga gbé jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2009 ló lókìkí jù. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2010, àwọn tó ń dáko níbẹ̀ lóṣooṣù ti lé ní mílíọ̀nù 80. Ẹni tó bá gbin sitirọ́bẹ́rì, wákàtí 4 ló máa fi gbó. Bí kò bá padà wá kó o lásìkò, á rọ. Àwa sọ pé eré aláìníṣẹ́ ni. Tiwa ní ìtàn, ó ní pílánẹ́ẹ̀tì, ó ní àwọn ẹ̀dá tí wọn kì í ṣe ọmọ ènìyàn. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé ohun kan náà ni. Irin tí mò ń wà nínú ilẹ̀ pílánẹ́ẹ̀tì mi, sitirọ́bẹ́rì náà ni. Aago ń kà, èmi ń dúró dè é.

Ó dùn o, ká má tan ara wa. Wọ́n fún mi ní pílánẹ́ẹ̀tì pupa kékeré kan àti ọkọ̀ ogun méjì, wọ́n ní kí n fún wọn lórúkọ. Mo pe ọ̀kan ní Mọremí, mo pe èkejì ní Ọya. Mo wá ìwé kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn pílánẹ́ẹ̀tì náà síbẹ̀: irú àwọn tó ń gbé e, ohun tí wọ́n ń jẹ, ìdí tí wọ́n fi sá kúrò láyé wá síbẹ̀, orin tí wọ́n ń kọ bí oòrùn kejì bá wọ̀. Géèmù náà ò bi mí ní ọ̀kankan nínú gbogbo èyí. Ohun tó wà lójú fóònù kò ju àwòrán róbótó kan lọ, àti nọ́ńbà mẹ́ta lókè: iye irin, iye gáàsì, iye kírísítálì.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Ẹni tí kì í ka ìtàn á rí nọ́ńbà mẹ́ta, ó lè sú u láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Àwa ò rí nọ́ńbà. Ìwé ti kọ́ wa láti kékeré bí a ṣe ń fi ọkàn tiwa kún ibi tí òǹkọ̀wé bá fi sílẹ̀ lófìfo. Géèmù náà fi gbogbo ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, a bá a kún un lọ́fẹ̀ẹ́, lẹ́yìn náà ó wá ń ta àkókò fún wa: san owó, kí ilé tó yẹ kó gba ọjọ́ kan parí nísinsìnyí. Ìfẹ́ tí a ní sí ìtàn gan-an ló fi mú wa. Bí ẹ bá ń ka ìtàn púpọ̀, ẹ má rò pé ìyẹn á dáàbò bò yín lọ́wọ́ irú nǹkan báyìí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́. Nínú ẹgbẹ́ wa a ní awakọ̀ tírélà kan ní Póláǹdì, obìnrin nọ́ọ̀sì kan ní Philippines, olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Kánádà, àti àwa ọmọ Nàìjíríà mélòó kan. Wọ́n mọ ìgbà tí wọ́n ń múná lọ ládùúgbò mi. Nígbà tí ara ìyá mi ò yá, nọ́ọ̀sì yìí ló ṣàlàyé èsì àyẹ̀wò fún mi ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan títí ọkàn mi fi balẹ̀. Ọ̀rẹ́ gidi ni wọ́n, mi ò sì lè gbà fún ẹni tó bá ní ọ̀rẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì ò jẹ́ nǹkan kan. Àmọ́ òun náà ló ń dè mí mọ́bẹ̀ jù. Bí mo bá rò ó pé kí n kúrò, ojú wọn ni mò ń rí.

A máa ń sọ ìtàn ogun B-R5RB (orúkọ ibi kan nínú géèmù ni) láàrin ara wa bí àwọn àgbà ṣe ń sọ ti Kírìjì. Inú EVE Online, géèmù tí ilé-iṣẹ́ CCP ní Iceland gbé jáde lọ́dún 2003, ni ogun náà ti ṣẹlẹ̀, ní 27 sí 28 oṣù kìíní ọdún 2014. Ẹgbẹ́ kan ò san owó tó yẹ kó san lórí àgbègbè rẹ̀, ọ̀tá rí àyè, ìjà sì bẹ́ sílẹ̀ fún nǹkan bí wákàtí 21. Àwọn tó lọ́wọ́ sí i lé ní 7,500. Ọkọ̀ gàǹgà tí wọ́n ń pè ní Titan, 75 nínú wọn ló parun, wọ́n sì ṣírò ohun tó ṣòfò sí nǹkan bí 300,000 dọ́là owó gidi. Bí a bá ti sọ ọ́ báyìí, orí gbogbo wa á wú, á dà bíi pé ogun tiwa náà máa wọ ìwé ìtàn lọ́jọ́ kan. Kò sẹ́ni tó béèrè láàrin wa pé ta ló lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ojú wo ló sì fi lọ.

Òfin tó so wá mọ́lẹ̀ nìyí: bí o ò bá sí nídìí géèmù, ẹnikẹ́ni lè wá kó ọ lẹ́rù. Ọkọ̀ tó bá dúró sílé nígbà tí olówó rẹ̀ ń sùn, ó di ìjẹ ọ̀tá. Nítorí náà, kí á tó sùn, a óò rán gbogbo ọkọ̀ lọ sí ìrìn àjò jíjìn kan, kí wọ́n lè wà lójú ọ̀nà níbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò ti ní tó wọn. Àwọn tó ń gbá OGame, géèmù ilẹ̀ Jámánì tó ti wà láti ọdún 2002, ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó lọ á bọ̀. Bí ó bá máa wọlé ní aago mẹ́ta òru, aago mẹ́ta òru lo máa jí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀tá á ti lúgọ dè é. Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀tá wa wà. Ìgbà tí àwa bá wọ oorun àsùnwọra ni wọ́n ń ti ibi iṣẹ́ dé. Mo ra power bank, mo ra èkejì nítorí NEPA. Àbúrò mi tí a jọ ń sùn ní yàrá kan kó pílò rẹ̀ lọ sí pálọ̀ nítorí aago tó ń dún lóru.

Ní 31 oṣù kejìlá ọdún 2020, Zynga ti FarmVille pa, torí pé ilé-iṣẹ́ Adobe ti dáwọ́ Flash dúró, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí géèmù náà fi ń ṣiṣẹ́. Gbogbo oko yẹn, tọmọdé tàgbà ló ti fi oru dá a, lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mo ka ìròyìn náà, àánú àwọn àgbẹ̀ yẹn ṣe mí, mo sì padà sẹ́nu ogun mi. Kò wá sí mi lọ́kàn pé sáfà tèmi náà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí géèmù mi wà lórí rẹ̀, ní ẹni tó ni ín, ẹni ọ̀hún sì lè pa á nígbà tó bá wù ú.

Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ padà nígbà náà. Lọ́jọ́ kan, ìwé ètò ìsìnkú bàbá àgbà kan ló wà lórí kọ̀ǹpútà mi. Mi ò tíì sùn. Fóònù mi wà lórí itan, nọ́ńbà ń sáré sẹ́yìn lórí rẹ̀, ọkọ̀ mi ń bọ̀. Mo to orúkọ àwọn ọmọ, mo to orin ìsìn, mo to àwòrán bàbá pẹ̀lú fìlà rẹ̀ tó gẹ̀ sápá òsì. Orí ìwé iṣẹ́ ẹlòmíràn tí mo ti ṣe tẹ́lẹ̀ ni mo ti ń to gbogbo rẹ̀, mi ò sì pa ọjọ́ tó wà níbẹ̀ rẹ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n gé e, wọ́n fi pín-ín-nì dè é. Nígbà tí àkọ́bí bàbá wá kó ẹrù, ó ṣí ọ̀kan, ó fi ìka rẹ̀ wọ́ ọ lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi dé ibi ọjọ́, ìka rẹ̀ sì dúró síbẹ̀. Kò pariwo. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ tí a máa sin bàbá wa kọ́ nìyí.” Ìsìnkú ku ọ̀la. A tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ mọ́jú, owó bébà sì wá látinú owó oṣù mi. Ọ̀gá mi pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ní, “Àbúrò, kí ló ń ṣe ẹ́? Ṣé ara ẹ ò yá ni?” Mo ní ibà ni, sà. Wọ́n fún mi lówó pé kí n fi ra oògùn.

Ẹ ò ní gbàgbọ́, ìyẹn ò tíì mú mi jáde. Ojú tì mí, ojú tó tì mí sì lé mi padà sínú géèmù, torí ibẹ̀ nìkan ni mo ti jẹ́ akíkanjú. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹni tó wà nírú ipò yìí, ẹ fi èyí sọ́kàn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dójú tì í níwájú ẹbí.

Ti owó wá kù. Àpótí ni wọ́n ń tà. O ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ títí wàá fi sanwó. Ìgbà míì irin díẹ̀, ìgbà míì ọkọ̀ tí gbogbo ẹgbẹ́ á máa wárí fún. Onímọ̀ ìhùwàsí ará Amẹ́ríkà kan, B. F. Skinner, ti fi ẹyẹlé ṣàyẹ̀wò irú èyí tipẹ́: ẹyẹlé tí oúnjẹ ń jáde fún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, láìmọ ìgbà tó máa jáde, á máa fi ẹnu ṣá bọ́tìnì tó ń mú oúnjẹ jáde láìsinmi. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, àjọ tó ń rí sí tẹ́tẹ́ ní Belgium sọ pé irú àpótí bẹ́ẹ̀ nínú àwọn géèmù kan, tẹ́tẹ́ ni. Èmi tí mi ò ra tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́tẹ́ rí láyé mi, tí mo máa ń gba àwọn ọmọ ibi iṣẹ́ wa nímọ̀ràn pé kí wọ́n jáwọ́ níbẹ̀! Lọ́dún 2022, ọ̀pọ̀ báńkì ní Nàìjíríà dín iye tí èèyàn lè fi káàdì náírà ná lókè òkun kù sí 20 dọ́là lóṣù. Ìyẹn ì bá ti jẹ́ ìdádúró fún mi. Mo lọ wá àwọn tó ń ta gift card lórí WhatsApp, mo ń rà á lọ́wọ́ wọn lówó gọbọi. Ẹni tó bá ti ń wá ọ̀nà ẹ̀bùrú láti sanwó géèmù, kó tètè wá ẹni tó máa sọ fún.

Ohun tó jí mi gan-an kéré lójú ẹlòmíràn. Mo mú ìwé àtijọ́ kan, èyí tí mo ti kà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nígbà ọ̀dọ́ mi, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ Sátidé. Kí n tó ka ojú ìwé méjì, ọwọ́ mi ti lọ sí àpò. Mo fi fóònù sínú yàrá, mo padà wá. Mò ń ka ọ̀rọ̀ náà, kò wọlé. Ojú mi ń wá nọ́ńbà tó ń yí. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ ìwé ìsìnkú lọ, torí ìwé yẹn ni mo rò pé mo wá ń wá nínú géèmù láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti fi ìṣòro géèmù sínú ìwé àtòjọ àìsàn rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ICD-11, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 oṣù kìíní ọdún 2022. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá apá èèyàn ò ká a mọ́, bóyá ó ti gba ipò àwọn nǹkan tó kù láyé rẹ̀, àti bóyá ó ń bá a lọ bó tilẹ̀ rí i pé ó ń pa òun lára. Wọ́n sì sábà máa ń retí kó ti tó oṣù 12. Mi ò lọ sọ́dọ̀ dókítà, mi ò lè sọ pé àìsàn ló ṣe mí. Àmọ́ mo fi ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bi ara mi, bẹ́ẹ̀ ni sì ni ìdáhùn mi sí gbogbo wọn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ fún yín, dókítà ni kí ẹ wá lọ.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ò ṣiṣẹ́. Mo yọ géèmù náà kúrò lórí fóònù. Gbogbo nǹkan mi wà lórí Facebook digbí, mo kàn tún un gbé sórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ kan, ó gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì fún mi ní àpótí ọ̀fẹ́ pé mo káàbọ̀. Mo ní ọ̀sán nìkan ni màá máa gbá a. Ọkọ̀ ò mọ ọ̀sán. Ìgbà tí mo tó wá mọ ohun tó ń fà mí gan-an ni nǹkan yí padà: mo ní ohun tí mò ń ṣọ́. Ẹni tó bá ní dúkìá kò lè sùn. Mo pín ọkọ̀ mi fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tuntun, Mọremí àti Ọya náà lọ. Mo gbé ipò olórí fún nọ́ọ̀sì yẹn, mo sì fi pílánẹ́ẹ̀tì sí ipò ìsinmi, èyí tí ẹnikẹ́ni ò ti lè kọ lù ú. Lálẹ́ tí kò sí ohun tó lè ṣòfò mọ́, mo sùn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Mo yọ káàdì báńkì mi kúrò níbẹ̀. Mo pa gbogbo ìró tí géèmù lè fi pè mí. Mo ra aago ìtanijí kékeré lọ́jà, torí “fóònù ni mo fi ń jí” ni àwáwí tó kù fún mi láti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbùsùn. Fóònù wá ń sùn ní pálọ̀, àbúrò mi sì padà sí yàrá. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá mi, títí kan ọ̀rọ̀ ibà. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní ọmọ àwọn náà wà nídìí irú ẹ̀, pé kí n wá bá a sọ̀rọ̀.

Ìwé kíkà ò padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìtàn kúkúrú ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìròyìn Omenana, tó ń gbé ìtàn sci-fi àwọn ọmọ Áfíríkà jáde láti ọdún 2014, wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Mo máa ń tẹ ìtàn kan sórí bébà níbi iṣẹ́, kí n má bàa kà á lórí fóònù, màá sì fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ ibi tó bá dùn mọ́ mi. Olùkọ́ ará Kánádà náà dara pọ̀, a jọ ń ka ọ̀kan náà, a sì ń jíròrò rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú.

Ní 2024, nígbà tí eré títẹ fóònù fún owó gba Telegram kan, mo rí àwọn ọmọ ìtẹ̀wé wa tí wọ́n ń tẹ ojú fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́. Mo mọ ojú yẹn. Mi ò pariwo lé wọn lórí. Mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀kan pé kí ló máa ṣòfò bí kò bá tẹ̀ ẹ́ lónìí. Ó rò ó, ó ní òun á pàdánù iye ọjọ́ tí òun ti tẹ̀ ẹ́ láìfo ọjọ́ kan. Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Ọ̀pọ̀ ló ń bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe máa sọ fún ẹgbẹ́ wọn. Ohun tí mo kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì kò ju báyìí lọ: “Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ń kúrò nínú ogun lónìí. Ẹ ti mọ olórí tuntun, àwọn ọkọ̀ mi sì ti wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ẹnikẹ́ni ò ṣẹ̀ mí. Nọ́ńbà WhatsApp mi wà lọ́wọ́ yín, ẹ kí mi níbẹ̀.” Nígbà àkọ́kọ́ tí mo fi ránṣẹ́, mo jókòó ka èsì wọn. Wọ́n bẹ̀ mí pé kí n dúró de ogun kan ṣoṣo sí i, mo sì dúró. Ẹ má ka èsì. Ẹ fi ránṣẹ́ lọ́sàn-án, nígbà tí oorun ò kùn yín tí ebi ò sì pa yín, kí ẹ jáde lójú ẹsẹ̀. Bí mo ṣe ṣe é lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn, awakọ̀ tírélà ará Póláǹdì sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó kí mi lórí WhatsApp, ó ń béèrè ara ìyá mi.